Tí Wọ́n Bá Ní Kẹ́ Ẹ Wa Tírélà Tí Kò Dáa: Bí Awakọ̀ Ṣe Lè Lo Òfin Ààbò ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń fi tírélà jẹun ní Amẹ́ríkà báyìí. Owó wà níbẹ̀, òógùn náà sì wà níbẹ̀. Èèyàn ò lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kí ọjọ́ kan má kò ó tí dispatcher, ẹni tó ń pín iṣẹ́ fún awakọ̀, máa ní kó gbé ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, bíréèkì ń jò, táyà ti jẹ tán, tàbí kó jẹ́ pé wákàtí tí ìjọba fún un láti wakọ̀ ti pé. Tó bá kọ̀, ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á lé òun. Tó bá gbà, ẹ̀mí ara ẹ̀ àti tàwọn tó wà nínú mọ́tò kéékèèké lójú títì ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Òfin kan wà tó dúró ti awakọ̀ tó bá kọ̀. Surface Transportation Assistance Act ni orúkọ ẹ̀, ọdún 1982 ni wọ́n ṣe é, STAA làwọn lọ́yà ń pè é. Lójú tèmi, kì í sábà jẹ́ pé awakọ̀ purọ́ ló ń jẹ́ kó pàdánù ẹjọ́ lábẹ́ òfin yìí. Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀: ó lè fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láìsọ ìdí tó yanjú fún ọ̀gá, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n lé e tán, ló bá ń bẹ àgbà kiri, ó ń ní kí pásítọ̀ tàbí àlùfáà bá òun bẹ ọ̀gá, títí ọjọ́ tí òfin dá fi kọjá. Nítorí náà, bí a ṣe ń sọ ọ́, ìgbà tí a ń sọ ọ́ àti ibi tí a ń gbé e lọ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí. Tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ojú ẹ̀, ẹ wá lọ́yà tó mọ òfin awakọ̀ dáadáa.

Ṣé òfin yìí kàn yín?

Tí ìwọ̀n ọkọ̀ tí ẹ ń wà bá jẹ́ 10,001 pound tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kàn yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe láti gbé ju èèyàn 10 lọ, pẹ̀lú awakọ̀, àti ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù olóró tí òfin ní kí wọ́n lẹ àmì mọ́ lára. Kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni. Mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe àti òṣìṣẹ́ tó ń kó ẹrù sínú ẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀, torí àwọn náà máa ń rí ohun tí kò dáa.

Àwọn tó ni ọkọ̀ ara wọn tí wọ́n ń bá iléeṣẹ́ ṣiṣẹ́ máa ń rò pé kò kan àwọn, torí pé ìwé 1099, ìwé owó orí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, ni iléeṣẹ́ ń fún wọn nípari ọdún. Ó kàn wọ́n. Òfin dárúkọ awakọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ara ẹ̀, tó bá ti jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà. Àwọn tí kò kàn ni òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì èrò fún ìlú, òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀, màá dé ibẹ̀.

Ohun tí wọn ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ fìyà jẹ yín

Wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ yín torí pé ẹ sọ pé ọkọ̀ kò dáa. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀dọ̀ ìjọba lẹ ti sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún dispatcher tàbí ọ̀gá mẹkáníìkì lórí fóònù, ẹ ti sọ ọ́ náà nìyẹn. Wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ yín torí pé ẹ kọ wákàtí iṣẹ́ yín sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, torí pé ẹ bá àwọn olùwádìí ìjọba sọ òótọ́, tàbí torí pé ẹ ṣàlàyé bí ìjàǹbá kan ṣe ṣẹlẹ̀. Kódà tó bá jẹ́ pé ọ̀gá kàn ń fura pé ẹ fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn, tí ẹ ò sì tíì lọ, òfin ṣì dáàbò bò yín.

Kíkọ̀ láti wakọ̀ ni ìṣòro máa ń wà jù, torí ọ̀nà méjì ni òfin là sílẹ̀ fún un. Èkíní ni kẹ́ ẹ kọ̀ torí pé wíwa ọkọ̀ náà máa tàpá sí òfin ààbò ìjọba. Èkejì ni kẹ́ ẹ kọ̀ torí pé ẹ̀rù tó bọ́gbọ́n mu ń bà yín pé ó máa ṣe yín tàbí ará ìlú léṣe gan-an. Lórí ọ̀nà kejì yìí, òfin béèrè ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: ẹ gbọ́dọ̀ ti ní kí ọ̀gá tún un ṣe, kí ó sì jẹ́ pé kò tún un ṣe. Ẹni tó kàn dákẹ́ tó bá tiẹ̀ lọ kò ní ibi tó máa dúró sí lórí ìyẹn. Kó má bàa di àríyànjiyàn, ẹ máa sọ ìdí méjèèjì pọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ̀.

Ìyà kì í sì í ṣe kí wọ́n lé èèyàn nìkan. Kí wọ́n gba ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ yín kí wọ́n fún yín ní ògbólógbòó ọkọ̀, kí wọ́n máa fún yín ní ẹrù ọ̀nà kúkúrú tí kò lówó nínú, kí wọ́n jókòó yín sílé lọ́sẹ̀ méjì, kí wọ́n bà yín lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn, gbogbo ẹ̀ ni ìyà lójú òfin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ara ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Èèyàn tó bá sọ pé "ọkọ̀ yìí ò dáa" kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tí agbófinró àti adájọ́ fẹ́ gbọ́ ni ibi tí kò dáa àti bó ṣe burú tó. Ẹ mú táyà iwájú bí àpẹẹrẹ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ojú táyà iwájú jìn tó 4/32 íǹṣì, kí ti àwọn yòókù jìn tó 2/32. Ohun ìwọ̀n táyà kò wọ́n rárá. Ẹ tì í bọ inú ọ̀kan lára àwọn ìlà ńlá ojú táyà, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ya fọ́tò tí nọ́ńbà ara ohun ìwọ̀n náà hàn nínú ẹ̀. Ẹ tún ya òmíràn tí nọ́ńbà ọkọ̀ hàn nínú ẹ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni.

Ti bíréèkì ló gba sùúrù jù. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ padà kí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lè máa hàn, ẹ tú bíréèkì ìgúnlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi igi dí táyà. Ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ ìwọ̀n. Fún ọkọ̀ tó fa tírélà, kò gbọdọ̀ sọ̀ ju 4 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) lọ láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Gbogbo wa la kọ́ ọ nígbà tá a fẹ́ gba CDL, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ńlá. Tó bá ń sọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ ohùn "ṣìììì" lábẹ́ tírélà, ẹ fi fóònù ká fídíò ọwọ́ ìwọ̀n náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìṣẹ́jú ọ̀hún. Fídíò ìṣẹ́jú kan yẹn lágbára ju àlàyé wákàtí kan lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀, yálà ti bébà tàbí ti orí tábúlẹ́ẹ̀tì. Tí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá lé yín ni wọ́n máa ti tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn pa mọ́ yín lójú, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ á sì di ohun tí ẹ ò lè rí mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí a ṣe ń kọ̀

Ẹjọ́ là ń kọ́, a kì í kọ́ ìjà. Ẹ má pariwo, ẹ má bú dispatcher, ẹ má sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà kẹ́ ẹ wọ Uber lọ ilé. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ lé èèyàn á sọ pé awakọ̀ rí òun fín, tàbí pé ṣe ló fi ẹrù sílẹ̀ lọ. Ẹ má fún wọn ní ohun tí wọ́n á rí sọ.

Tẹ́ ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù tán, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, èèyàn ò nílò Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà. Ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ nìyí:

"Bíréèkì tírélà yìí ń jò. Mo dán an wò báyìí, afẹ́fẹ́ sọ̀ láti 115 sí 98 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mi ò lè gbé e lọ bẹ́ẹ̀ torí ó lòdì sí òfin ìjọba, ó sì lè pa mí tàbí kó pa ẹlòmíràn lójú títì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán mẹkáníìkì wá, tàbí kẹ́ ẹ fún mi ní tírélà mìíràn. Mo wà pẹ̀lú ọkọ̀, mo sì ṣe tán láti ṣiṣẹ́ tó bá ti di títúnṣe."

Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe wà fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ àti ìkejì sọ ohun tó ṣe ọkọ̀. Ìkẹta mú ọ̀nà méjèèjì tí òfin là sílẹ̀ pọ̀. Ìkẹrin ni ẹ fi ní kí wọ́n tún un ṣe, èyí tí òfin béèrè. Ìkẹyìn ló sì ń dí wọn lẹ́nu, torí ẹni tó kọ "mo ṣe tán láti ṣiṣẹ́" kò ṣeé pè ní ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Tí mo bá ní kí ẹ há gbólóhùn kan ṣoṣo sórí nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ìyẹn ni.

Tó bá jẹ́ ti wákàtí, ọ̀rọ̀ náà tún rọrùn, torí nọ́ńbà ni. Awakọ̀ ẹrù kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ, inú wákàtí 14 tó tẹ̀ lé ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sì ni 11 ọ̀hún gbọ́dọ̀ ti parí, lẹ́yìn tó bá ti sinmi fún wákàtí 10 gbáko. Ó tún gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí 8. Ẹ ya fọ́tò ojú ELD, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń ka wákàtí iṣẹ́ yín, tó fi hàn pé wákàtí ti pé, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n kan tó wọ́pọ̀. Ipò kan wà lórí ELD tí wọ́n ń pè ní personal conveyance, tó wà fún ìgbà tí awakọ̀ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tó ń lo ọkọ̀ fún ti ara ẹ̀, bí ìgbà tó fẹ́ lọ jẹun. Àwọn dispatcher kan á ní kẹ́ ẹ tẹ ìyẹn, kẹ́ ẹ lè gbé ẹrù dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ìwé irọ́ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ yẹn, orúkọ yín ló sì máa wà lórí ẹ̀ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ẹ ní kó kọ àṣẹ náà ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa yí ohùn padà. Tó bá sì kọ ọ́, ẹ̀rí ti balẹ̀ sọ́wọ́ yín.

Àárẹ̀ àti àìsàn wà nínú òfin pẹ̀lú. Ìlànà 392.3 ti ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí awakọ̀ tó rẹ̀ tàbí tára ẹ̀ ò yá dé ibi tí kò ti lè wà láìséwu gbé ọkọ̀, kò sì gbà kí iléeṣẹ́ fipá mú un. Tó bá jẹ́ àìsàn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an kẹ́ ẹ gba ìwé. Ti yìnyín àti ìjì náà wà: ìlànà 392.14 ní tí ọ̀nà bá ti léwu jù, kí awakọ̀ dúró. Ẹ ya fọ́tò ojú ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì fi ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ orí fóònù yín pa mọ́.

Tí wọ́n bá ń halẹ̀ mọ́ yín pé tí ẹ ò bá gbé e, ẹ ò níṣẹ́ mọ́, òfin mìíràn tún wà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Kìíní ọdún 2016, tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fipá mú awakọ̀ rú òfin ààbò. Ó mú iléeṣẹ́ ọkọ̀, ó mú oníbàárà tó ni ẹrù, ó mú ẹni tó ń gbà á, ó sì mú àwọn alágbàtà ẹrù. Àjọ FMCSA, tó ń bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù, lẹ máa fẹjọ́ náà sùn, láàárín 90 ọjọ́. Nọ́ńbà wọn ni 1-888-368-7238. Àwọn lè bu owó ìtanràn lé iléeṣẹ́ lórí, ṣùgbọ́n wọn kì í dá èèyàn padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í sì í gba owó fún un. Nítorí náà, kò rọ́pò ẹjọ́ STAA.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ̀rí

Ẹ ra ìwé pélébé kan sínú ọkọ̀. Ọjọ́, aago, ibi tẹ́ ẹ wà, orúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, ohun tó sọ gan-an. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ìlà mẹ́ta tó. Ẹ fi fọ́tò àti àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kì í ṣe ti iléeṣẹ́.

Gbígba ohùn ọ̀gá sílẹ̀ lórí fóònù nílò àròjinlẹ̀, torí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀. Ní Texas, Georgia àti New York, tí ẹnì kan nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bá ti mọ̀, ó tó. Ní California, Florida, Illinois, Maryland àti Pennsylvania, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló gbọ́dọ̀ gbà. Awakọ̀ tó la ìpínlẹ̀ mẹ́rin kọjá lójúmọ́ lè rú òfin láìmọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní wàhálà yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ọn jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka ọjọ́

Ọjọ́ 180 ni òfin STAA fún yín láti fẹjọ́ sùn. Kì í ṣe oṣù mẹ́fà o, ọjọ́ ni kẹ́ ẹ kà. Tí wọ́n bá sọ fún yín lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta pé wọ́n ti lé yín, ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ló pé. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún yín lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ kíkà, kì í ṣe ọjọ́ tí owó oṣù ìkẹyìn wọlé. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ dá yín dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n wá lé yín lẹ́yìn náà, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ ti èkíní, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì.

Ẹ̀bẹ̀ kì í dá ọjọ́ yìí dúró. Ìpàdé pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í dá a dúró. Ọ̀gá tó ń sọ pé "ẹ fọkàn balẹ̀, a máa pè yín padà" kò dá a dúró. Kò sóhun tó burú nínú kí àgbà bá yín bẹ̀bẹ̀, àṣà wa ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sílẹ̀ ná kí ẹ tó máa bẹ̀bẹ̀. Ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀ ṣeé fà sẹ́yìn. Èyí tí ọjọ́ ti kọjá lórí ẹ̀ ṣòroó jí dìde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi tí a ń fẹjọ́ sùn

Àjọ OSHA tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni. Ẹ lè pè wọ́n lórí 1-800-321-6742, ẹ lè lo ojúlé whistleblowers.gov, ẹ lè kọ lẹ́tà, ẹ sì lè rìn wọ ọ́fíìsì wọn. Wọn kì í gba owó, kò sì sí fọ́ọ̀mù kan tó pọn dandan. Òfin náà tún sọ ohun kan tí inú mi dùn sí gan-an: tí èèyàn kò bá lè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹjọ́ rẹ̀ ní èdè yòówù tó bá sọ. Nítorí náà, ìyá tàbí bàbá tó ń kó ẹrù sínú tírélà, tí Gẹ̀ẹ́sì ò dán mọ́rán lẹ́nu ẹ̀, lè fi Yorùbá sọ ohun tí ojú ẹ̀ rí.

Ohun mẹ́rin ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó hàn nínú ọ̀rọ̀ yín: pé ẹ sọ̀rọ̀ lórí ààbò tàbí pé ẹ kọ̀ láti wa ọkọ̀ eléwu, pé ọ̀gá mọ̀, pé wọ́n fìyà jẹ yín, àti pé ìkínní ní ọwọ́ nínú ìkẹta. Ti ìkẹrin yìí, ọjọ́ tó súnmọ́ra máa ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó fẹjọ́ bíréèkì sùn ní Mọ́ńdè, tí wọ́n lé e ní Wẹ́sìdeè, tí kò sì sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti múlẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀gá. Ohun tí òfin béèrè ni pé kí ìròyìn yín jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó fa ìyà náà, kì í ṣe òun nìkan. Tẹ́ ẹ bá ti fi ìyẹn hàn, ọrùn iléeṣẹ́ ló kù, àwọn ló máa fi ẹ̀rí tó dá ṣáká hàn pé àwọn ì bá ṣe ohun kan náà ká ní ẹ ò sọ nǹkan kan. Lóṣù Kejì ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ Murray àti UBS pé òṣìṣẹ́ kò nílò láti fi hàn pé ọ̀gá ní in lọ́kàn láti gbẹ̀san. Ẹjọ́ iléeṣẹ́ owó ni, ti tírélà kọ́, ṣùgbọ́n irú ìlànà ẹ̀rí kan náà ni STAA ń lò.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fẹjọ́ sùn

OSHA máa fi tó iléeṣẹ́ létí, wọ́n á sì ní 20 ọjọ́ láti fèsì. Kò ṣeé ṣe ní bòókẹ́lẹ́, orúkọ yín máa hàn. Olùwádìí máa pè yín, ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀ ló máa fi pè. Ẹ gbé e. Ẹni tí wọ́n pè títí tí kò dáhùn, wọ́n á pa ìwé ẹ̀ dé.

Tí OSHA bá rí i pé ẹjọ́ yín múlẹ̀, wọ́n lè pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ gbà yín padà lójú ẹsẹ̀, kódà bí iléeṣẹ́ bá pe ẹjọ́ tako àṣẹ náà. Lọ́dún 1987, nínú ẹjọ́ Brock àti Roadway Express, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí irú àṣẹ yìí, ó kàn ní kí wọ́n jẹ́ kí iléeṣẹ́ mọ ẹ̀rí tí wọ́n kó jọ, kí ó sì rí àyè fèsì kí àṣẹ tó jáde. Yàtọ̀ sí iṣẹ́, ẹ lè gba owó oṣù tẹ́ ẹ pàdánù pẹ̀lú èlé, owó ìnira, owó lọ́yà, àti owó ìjìyà tó lè tó dọ́là 250,000.

Tí OSHA bá sì sọ pé ẹjọ́ yín kò múlẹ̀, ẹ má lọ sùn. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti ní kí adájọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba náà gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Alphonse Maddin, awakọ̀ TransAm Trucking. Lóṣù Kìíní ọdún 2009, ó ń wakọ̀ lálẹ́ ní Illinois, òtútù mú débi pé bíréèkì tírélà dì. Ẹ̀rọ amúlégbóná inú ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́. Ó pe iléeṣẹ́, wọ́n ní kó dúró de mẹkáníìkì. Ó sùn lọ fún nǹkan bíi wákàtí méjì kí ìpè fóònù tó jí i, kò mọ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ lára. Ó tún pè wọ́n. Wọ́n ní kó dúró síbẹ̀, tàbí kó wọ́ tírélà tí bíréèkì ẹ̀ ti dì náà lọ. Ló bá já tírélà sílẹ̀, ó fi orí ọkọ̀ wá ibi tára ẹ̀ ti máa móoru. Wọ́n lé e pé ó fi ẹrù sílẹ̀.

OSHA kọ́kọ́ da ẹjọ́ ẹ̀ nù. Kò gbà. Adájọ́ dá a láre, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ẹjọ́ wò fọwọ́ sí i, lọ́dún 2016 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àpapọ̀ náà dá a láre. Adájọ́ mẹ́ta ló gbọ́ ọ níbẹ̀, Neil Gorsuch nìkan ló ta kò ó, ẹni tó di adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún méje ó lé ni gbogbo ẹ̀ gbà. Mi ò ní tan yín, ó lè pẹ́. Ṣùgbọ́n tí 210 ọjọ́ bá kọjá tí ilé iṣẹ́ ìjọba kò tíì ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, tí kì í sì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á, òfin gbà yín láyè láti gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ àpapọ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ máa wá iṣẹ́ mìíràn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tẹ́ ẹ béèrè. Iléeṣẹ́ máa sọ pé ẹ jókòó sílé ni, kí wọ́n lè dín owó tí wọ́n máa san kù.

Àwọn tí kì í wa tírélà

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní òfin tí wọ́n ń pè ní FRSA, ọjọ́ 180 ni. Ó tún dáàbò bo ẹni tó ròyìn pé òun fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin èrò fún ìlú ní òfin NTSSA, ọjọ́ 180 náà, òun kò sì yọ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Àwọn atukọ̀ òkun ní òfin tiwọn, ọjọ́ 180. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, títí kan mẹkáníìkì, ní òfin AIR21, ọjọ́ 90 péré ni òfin fún wọn, nítorí náà kí wọ́n yára. OSHA ni gbogbo wọn ń fẹjọ́ sùn.

Àbọ̀ DAC àti ìwé tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí

Àwọn iléeṣẹ́ tírélà máa ń fi ìtàn iṣẹ́ awakọ̀ ránṣẹ́ sí HireRight, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àbọ̀ DAC là ń pè é. Ọ̀rọ̀ bíi "ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ" lórí ẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín níbi púpọ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ pé òun ni. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún. Ẹ gbà á ní kété tí wọ́n bá lé yín, kẹ́ ẹ kà á. Tí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé tako ó. Òfin fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti ṣèwádìí. Kíkọ irọ́ sí DAC láti fi gbẹ̀san lè di ẹjọ́ STAA lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ 180 tiẹ̀.

Tí iléeṣẹ́ bá sì gbé owó díẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé ẹjọ́ ti parí, ẹ má fọwọ́ sí i lórí ìjókòó. Ẹ mú un lọ sílé, ẹ fi han lọ́yà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa yí padà lórí DAC síbẹ̀. Tí ẹjọ́ bá ti wà lọ́dọ̀ OSHA, àwọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn náà kó tó lè parí ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí olùwádìí rí i kẹ́ ẹ tó gba owó.